Ẹ Bá Mi Ṣọ́ Àyè Mi

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò ní búra, nítorí ẹni tó bá ń búra púpọ̀, irọ́ ló sábà máa ń pa. Ohun tí màá sọ kò ju pé gbọ̀ngàn náà wà níbẹ̀ títí di òní, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, bàálù ń balẹ̀ níta rẹ̀, ó sì ń gbéra. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ síbi káńtà àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, kó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, kó fi ìka kan táìsì tó wà níwájú rẹ̀. Kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà kó wá bá mi jiyàn.

Ogun ló ba pápákọ̀ òfurufú ìlú náà jẹ́. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ní kí wọ́n tún un kọ́. Ọkùnrin kan wà lára àwọn tó ń tún un kọ́, iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe. Onítáìsì ni gbogbo èèyàn ń pè é, débi pé bí ẹnì kan bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kó lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé nínú yàrá méjì nítòsí ibùdó ọkọ̀. Ìyá náà kì í pe orúkọ rẹ̀, kì í sì í pè é ní Onítáìsì. Bàbá mi ló ń pè é, nítorí ó fi ojú jọ bàbá tó bí òun fúnra rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kí Onítáìsì tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè kan náà ló máa ń pàdé rẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé wọ́n ti ṣí i?"

"Wọn ò tíì ṣí i, Màmá."

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n múra."

Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ìyá náà ń dúró dè. Nígbà tí ogun dé etí ìlú, àwọn bàálù kan wá ń kó èèyàn kúrò. Èrò rọ́ lọ sí gbọ̀ngàn náà, wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú káńtà. Wọ́n ń sùn lórí ìlà, wọ́n ń jí lórí ìlà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ pọnmi, tàbí tó fẹ́ lọ tọ̀, á gbé nǹkan kan sílẹ̀ níbi tó dúró sí: òkúta, agolo, abọ́, bàtà. Á wá sọ fún ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi ṣọ́ àyè mi, mo ń bọ̀." Àwọn èèyàn purọ́ nígbà ogun yẹn, wọ́n jalè, wọ́n ta ará ilé wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọjá òkúta ẹlòmíì. Bí ìlà bá sún, ẹni ẹ̀yìn á fi ẹsẹ̀ rọra ti òkúta náà síwájú fún olóhun.

Onítáìsì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lórí ìlà náà. Ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n, tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn ń lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo aṣọ tó wọ̀ lọ sílé ìwé, òun ló rán an. Télọ̀ ni. Ìyá wọn ní tirẹ̀ kò bá wọn lọ. Ó ní òun ò ní torí ariwo fi ilé òun sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn wọ́n, Àǹtí Télọ̀ ronú kan maṣíìnì rẹ̀. Ó ní òun ò lè dé ìlú onílùú kí òun máa fi ọwọ́ lásán rán aṣọ. Kí àbúrò òun sáré padà sílé, kó tú orí maṣíìnì náà wá. Àbúrò bá a jiyàn. Ó ní maṣíìnì wà níbi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ̀, àmọ́ tòun nìkan ló mọ ọwọ́ òun. Ó wá ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan, ó fi òwú pupa so ó nídìí kó má baà jọ ti ẹlòmíì, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Mo ti gba àyè ẹ sílẹ̀. Ẹ̀yìn mi lo wà. Má pẹ́ o."

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn. Àǹtí náà ti bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì sórí àyè tirẹ̀, ó ń tiro lọ síbi omi bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Kó tó fi orí ru maṣíìnì padà, àwọn ológun ti dí ọ̀nà, èéfín sì ti gba gbogbo ojú ọ̀run lápá ibẹ̀.

Àwọn kan sọ lẹ́yìn ogun pé bàálù tó kẹ́yìn kó gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà. Àwọn kan ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wolẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ni ìyá gbà gbọ́. Ó ní ọmọ òun wà níbì kan, ó ń rán aṣọ. Ọ̀nà ni kò tíì là. Bí wọ́n bá ti ṣí pápákọ̀, á wálé. Ó fi aṣọ funfun bo maṣíìnì náà, ó sì ń kán epo sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà dípẹtà. Onítáìsì kò bá a jiyàn. Ó gba iṣẹ́ ní pápákọ̀ náà kí ọjọ́ ṣíṣí lè tètè dé.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn náà, òrùlé ti já, gíláàsì ti fọ́ di yanrìn, eruku sì pọ̀ nílẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ń rì. Abẹ́ eruku náà ni wọ́n ti rí àwọn nǹkan yẹn. Wọ́n ṣì tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ọ̀dọ̀ káńtà, bí ìgbà tí àwọn olóhun ṣì ń bọ̀. Kò sí òkú kan níbẹ̀. Kò sí egungun. Àwọn nǹkan náà nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó-Ti-Dáa ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe fọ́mánì wọn. Ògiri tó wọ́, ó ti dáa. Ilẹ̀kùn tí kò pa dé, ó ti dáa. Kòtò ńlá kan wà láàrin gbọ̀ngàn níbi tí bọ́mù ti gbẹ́ ẹ, wọ́n sì nílò òkúta tí wọ́n máa fi dí i, àmọ́ ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ṣì léwu. Ó-Ti-Dáa wo ìlà náà títí, ó ní ṣebí òkúta nìwọ̀nyí? Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dà sí kòtò, kí wọ́n lù ú mọ́lẹ̀, kí wọ́n da símẹ́ǹtì lé e. Wọ́n kó o. Onítáìsì fi aṣọ di imú, ó fà á sókè débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú. Ó ń fi ṣọ́bìrì kó, kò wo ohun tó ń kó, nítorí ó ń bẹ̀rù ohun tó lè rí. Gbogbo wọn ló jọ ṣe é, kò sì sí ẹnì kan tó sọ pé kí wọ́n dúró ná. Nígbà ogun, wọn ò jẹ́ kọjá òkúta ẹlòmíì. Nígbà tí ogun tán, wọ́n kó o bí ìdọ̀tí.

Táìsì funfun ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀. Bí onítáìsì bá tẹ́ táìsì tán, ó máa ń fi ìdí òòlù kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí símẹ́ǹtì gbé dáadáa, ohùn rẹ̀ máa ń kú. Èyí tó ní ihò lábẹ́ á dún bí akèrègbè òfìfo. Onítáìsì kan gbogbo ilẹ̀ náà, ohùn rẹ̀ kú látòkè délẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì lọ fọ ọwọ́.

Ọ̀sán gangan ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀. Òru ni àwa máa ń ṣọ́ra fún, àmọ́ àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀sán gangan náà ní tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ jẹun lábẹ́ igi iwájú, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí ni pé wọn ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ níta. Wọ́n ń rí èéfín rẹ̀ lójú fèrèsé. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ti wọ inú gbọ̀ngàn, ìró rẹ̀ á gé. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan lù wọ́n nímú. Òórùn èrò ni. Òógùn, aṣọ tútù, wàrà ẹnu ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó wolẹ̀.

Òkúta. Agolo. Abọ́. Bàtà. Wọ́n tò sórí táìsì tuntun, láti ẹnu ọ̀nà dé àárín gbọ̀ngàn. Kò sí táìsì kan tó sán.

Ó-Ti-Dáa bínú. Ó ní ta ló ń fi iṣẹ́ ìjọba ṣeré? Ó ní kí Ìyá Agbálẹ̀, obìnrin tó ń gbá gbọ̀ngàn náà, kó wọn dà sẹ́yìn ọgbà. Ó kó wọn dà síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jáde lọ jẹun, wọ́n wọlé, wọ́n tún bá wọn nílẹ̀, ìlà náà sì ti sún síwájú. Ọkùnrin kan tó ń kun ọ̀dà sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ sílé. Kò padà wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Onítáìsì mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀. Níbi tí ìlà náà kò gbà kọjá, ohùn kú. Níbi tí nǹkan bá jókòó lé, táìsì abẹ́ rẹ̀ ń dún bí akèrègbè. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kàn án. Ilẹ̀ náà gbóná wọ́ọ́wọ́ọ́, bí ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó tún fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó tó gbé òòlù sókè, nǹkan kàn án padà láti ìsàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan. Jẹ́jẹ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bàtà kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n gbìyànjú láti ṣọ́ àwọn nǹkan náà. Wọ́n pín ara wọn, àwọn kan ń jẹun, àwọn kan ń wò. Ní gbogbo ìgbà tí ojú bá wà lára wọn, wọn kì í sún. Àmọ́ ẹni tó bá sín, tàbí tó fi ọwọ́ nu òógùn lójú, bó bá fi máa wò padà, agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ti kọjá òpó. Wọn ò gbọ́ kí ó wọ́ nílẹ̀ rárá. Nígbà tó yá, wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣọ́. Wọ́n ń rìn yí wọn ká, wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn bí ẹni ń yẹra fún àgbàlagbà. Àwọn tó ń ṣọ́ ilé lóru ní àwọn ò rí nǹkan kan, àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn ara àwọn.

Ìyá Agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ohun tó mọ̀. Agolo ọ̀dà kan ni, ọ̀dà funfun gbẹ mọ́ ọn létí. Akunlé ni ọkọ rẹ̀, orí ìlà náà ni obìnrin yìí ti fi í sílẹ̀ nígbà ogun. Kò sí ọjọ́ tí kì í fi ọkọ náà ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Á bú u lówùúrọ̀ pé ọ̀lẹ ni, á yìn ín lọ́sàn-án pé kò sí irú rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ náà tí ọ̀dà ta sí lára ló ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tó rí agolo yẹn, ó kúnlẹ̀, ó sunkún, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, kò gbá a mọ́ ìdọ̀tí mọ́. Á kí i láàárọ̀, á béèrè bó ṣe sùn.

Ẹ̀yìn agolo náà gan-an ni Onítáìsì ti rí i. Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì kan, tí okùn rẹ̀ ti já rí, tí ẹnì kan sì fi òwú pupa rán an bí télọ̀ ṣe ń rán aṣọ. Ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, òwú pupa wà nídìí rẹ̀. Onítáìsì dúró síbẹ̀ títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kó irinṣẹ́ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n òun bá wọ bàálù, ṣé ẹsẹ̀ kan lásán ló fi wọ̀ ọ́? Kò gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè náà dé ilé. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìyá bi í bóyá wọ́n ti ṣí i, ó ní wọn ò tíì ṣí i, kò sì wojú rẹ̀.

Àwọn tó wà níwájú ti ń dé káńtà. Èyí tó bá dé ìdí káńtà lónìí, wọn kì í rí i mọ́ lọ́la. Kò sí nínú gbọ̀ngàn, kò sí lẹ́yìn ọgbà. Ó-Ti-Dáa ní ó ti dáa, wọ́n ń dín kù fúnra wọn. Lọ́jọ́ kan, agolo ọ̀dà náà dé káńtà. Ìyá Agbálẹ̀ dágbére fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agolo ti lọ. Onítáìsì rò pé á máa sunkún, ó lọ bá a níbi tó ti ń fún aṣọ ìnulẹ̀.

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Agolo bàbá ti lọ."

"Bàbá wo?"

"Ọkọ yín. Akunlé."

Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá lápàárá. "Ọmọ yìí, ta ló gbé mi níyàwó rí? Ìwọ ha fẹ́ fẹ́ mi bí?"

Onítáìsì tọ́ka sí ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀. Ìyá Agbálẹ̀ fi ọwọ́ pa á, ó ní ibi ìkọ́ṣọ ló ti bá a láàárọ̀, òun ò mọ ẹni tó gbàgbé rẹ̀ sílé òun, ó tóbi jù, àmọ́ ó dáa fún iṣẹ́. Kò purọ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bí ojú ẹni tó sùn dáadáa. Ẹ̀rù tó ba Onítáìsì nígbà yẹn kọjá ti gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá. Sálúbàtà náà ló kàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń kán epo sí maṣíìnì. Ó jókòó tì í. Ó bi í nípa ẹ̀gbọ́n òun, bó ṣe máa ń kọrin nígbà tó bá ń yọ òwú, bó ṣe gé irun ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó sì da ẹ̀bi rẹ̀ lé àbúrò lórí. Ìyá ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Onítáìsì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń pọnmi sínú ìkòkò kí omi tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, bí Àǹtí ò bá wálé ńkọ́?

Ìyá dé ìgò epo náà. "Kó wálé, kó má wálé, ṣé kì í ṣe èmi ni mo bí i ni? Wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Wọn ò lè gbà á nínú mi. Ìyẹn tó mi, Bàbá mi."

Onítáìsì mọ̀ pé wọ́n lè gbà á nínú rẹ̀. Ó ti rí i lójú Ìyá Agbálẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ṣíṣí, wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì pupa wá fún àwọn èèyàn pàtàkì. Ó-Ti-Dáa ní kí wọ́n tẹ́ ẹ bo ìyókù àwọn nǹkan náà mọ́lẹ̀, ó ti dáa. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo wọn jáde lọ jẹun. Onítáìsì nìkan ló kù. Ìró jẹnẹrétọ̀ gé. Òórùn èrò dé, ó sún mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, bí ìgbà tí èèyàn wà láàárín ogunlọ́gọ̀ tí wọ́n jọ ń mí. Sálúbàtà náà wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sí káńtà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kì í bọ inú àpò irinṣẹ́, ó fi òòlù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó wo ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́yìn. Àyè òun ni, ó mọ̀. Àmọ́ ṣé òun kọ́ ló dúró níbí yìí, tó ń mí, tó jẹ búrẹ́dì láàárọ̀? Kí ni alààyè ń wá lórí ìlà yìí? Ó fi í sílẹ̀ fún kápẹ́ẹ̀tì. Ó yí padà láti lọ, ó gbé ẹsẹ̀ kan, nígbà náà ló rántí ohun tí ọmọdé mọ̀. Bí ẹnì kan bá yọ kúrò lórí ìlà, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ ló kàn.

Ó yíjú padà. Búlọ́ọ̀kù náà ti wà nídìí káńtà. Ó bẹ́ mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó gbóná bí ara èèyàn. Òógùn ṣàn wọ ojú rẹ̀, ó ta á, ó ṣẹ́jú. Orí táìsì lásán ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Òwú pupa kan ló kù láàárín ìka rẹ̀.

Ìró jẹnẹrétọ̀ padà dé lójijì, ó pọ̀ débi pé ó di etí. Ó fọwọ́ pa ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó-Ti-Dáa yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi igi ta eyín.

"Ọ̀gá, ta lẹ ń wá? Wọn ò gba àlejò láyè níbí o."

Onítáìsì ní kó fi òun sílẹ̀ jàre, Ó-Ti-Dáa, pé ọjọ́ yìí kọ́ ni wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́. Fọ́mánì yọ igi lẹ́nu. Ó ní ta ló sọ orúkọ yẹn fún wọn? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹni tó ṣìnà. Ìyá Agbálẹ̀ ló káàánú rẹ̀, ó fi ọ̀nà ìta hàn án. Ó sáré títí dé ilé.

Ilẹ̀kùn wà ní títì, èyí tí kì í rí bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Ó kàn án. Ìyá ṣí i díẹ̀, ó yọjú.

"Ẹ káàsán o. Ta lẹ ń wá?"

"Màmá, èmi ni."

Ìyá wò ó dáadáa. Ó wo iwájú orí rẹ̀, ó wo imú rẹ̀, ojú tó fi jọ bàbá tó bí i. Ó ní kí wọ́n má bínú, ojú ń dun òun, ọmọ ta ni wọ́n? Onítáìsì fa sálúbàtà náà yọ nínú àpò, ó nà án sí i. Ìyá gbà á, ó fi ìka tọ ojú òwú pupa náà.

"Bàtà ọmọ mi nìyí. Ìránṣọ rẹ̀ nìyí. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ní pápákọ̀."

"Òun nìkan ni mo bí láyé yìí," ìyá ní. Ó gbé e mọ́ àyà. "Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bá ìyá yín ṣọ́ ẹ̀yin náà."

Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń ti í mọ́ àlejò tó ṣe èèyàn lóore. Onítáìsì dúró níta títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ń gbọ́ bí ìyá ṣe ń bá bàtà sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó sunkún, kò sì dí ẹnu, nítorí kò sí ẹni tó máa mọ ohùn rẹ̀.

Wọ́n ṣí pápákọ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá máa ń wá jókòó níbi tí wọ́n ti ń pàdé àlejò, sálúbàtà wà lórí itan rẹ̀. Ọkùnrin kan máa ń jókòó tì í, tí símẹ́ǹtì wà ní èékánná rẹ̀. Ìyá ń sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo fún un, bó ṣe máa ń kọrin, bó ṣe gé irun ara rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ ibi tí ẹ̀rín wà nínú ìtàn náà kí ó tó débẹ̀. Ìyá sọ fún mi pé onísùúrù ọkùnrin ni. Ọkùnrin náà ló sọ gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí fún mi. Mo bi í lórúkọ, ó la ẹnu fún ìgbà díẹ̀, ó pa á dé. Mo ti lọ kan táìsì náà. Mo sì ti wo àwọn èrò tó ń tò síwájú káńtà àkọ́kọ́: gbogbo wọn ló ń fi àyè èèyàn kan sílẹ̀ níwájú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé òun fi í sílẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Bàálù kan pẹ́, òùngbẹ ń gbẹ ìyá. Ó dìde, ó na ẹsẹ̀, ó sì gbé sálúbàtà náà sórí ìjókòó rẹ̀.

"Ẹ bá mi ṣọ́ àyè mi," ó ní. "Mo ń bọ̀."

"Màmá, ẹ má lọ."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní omi lásán lòun fẹ́ mu, ó sì ń tiro lọ lórí orúnkún tó ń dùn ún. Ọkùnrin náà yí gbogbo ara sí ìjókòó yẹn. Ó tẹjú mọ́ sálúbàtà náà. Mo kí i, kò dáhùn. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ariwo èrò mọ́.

"Ẹ bá mi wò ó," ó ní, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. "Mo fẹ́ ṣẹ́jú."

Mo jókòó, mo ń wò ó. Àwa méjèèjì la ń wò ó. Ìyá ò tíì dé.